Bí Pátákó Ìdí Ọkọ̀ Ìgbòkun Bá Há

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ ra ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tòkunbọ̀ fún ìgbafẹ́ àwọn ọmọ, irú bíi Wayfarer tí Ian Proctor ya àwòrán rẹ̀ ní 1957, ẹ kọ́kọ́ yẹ pátákó tó ń gba àárín ìdí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú omi wò. Òun ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gbé ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, òun náà la ń dúró lé láti yí i padà. Bó bá há sókè, ẹsẹ̀ ò ní ríbi tẹ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn etí omi ló sábà máa ń há a. Pátákó tó mumi náà a máa wú.

Ẹ má ṣe forí wọ abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi jáàkì gbé. Kí àgbà mélòó kan dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí táyà àtijọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi igi pẹlẹbẹ tín-ínrín ro òkúta náà jáde, kí ẹ sì fi omi tí kò níyọ̀ fọ ihò rẹ̀. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́. Pátákó lè já lójijì. Èyí tó wú, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó fá a, kí ẹ sì kùn ún.

Bó bá gé yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́, kí ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ dókítà. Ìpẹtà kọ́ ló ń fà á, kòkòrò inú erùpẹ̀ ni.

Ìṣọ́ra loògùn ewu. A ò ní rí ogun omi o.