Ohun Tí Ó Ń Mú Kí Nǹkan Rì Tàbí Kí Ó Léfòó

Gbogbo àwa tí a kọ́ Ìwé Mímọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ni a mọ ìtàn irin àáké tí ó bọ́ sínú Jọ́dánì nígbà ayé Èlíṣà, tí ó sì léfòó. Iṣẹ́ ìyanu ni. A kò wá láti fi sáyẹ́ǹsì túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun onírin tí ó ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ẹrù wọ Àpápá kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Kí ni ó gbé e dúró?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé ohun tí ó bá wúwo ni í rì. Bẹ́ẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ a máa rì, nígbà tí àwọn agégẹdú ń so ìtì igi ńláńlá pọ̀, tí wọ́n sì ń fà á lójú ọ̀sà.

Archimedes, ọ̀mọ̀wé ará Sirakúsì (ìlú tí Pọ́ọ̀lù lo ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀ nígbà tí ó ń lọ sí Róòmù), ni ó là á yé wa. Ohunkóhun tí ó bá wọ inú omi gbọ́dọ̀ ti omi kúrò kí ó tó rí àyè. Omi náà a sì máa tì í padà sókè, pẹ̀lú agbára tí ó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí ó tì kúrò. Irin wúwo tó ìlọ́po mẹ́jọ omi tí ó gba àyè kan náà. Nítorí náà, ìṣù irin yóò rì. Ṣùgbọ́n bí a bá lù ú di abọ́ fífẹ̀, yóò ti omi púpọ̀ kúrò, yóò sì léfòó. Nítorí pé epo pupa fúyẹ́ ju omi lọ ni ó ṣe ń lékè rẹ̀. Omi iyọ̀ wúwo ju omi odò lọ. Ọkọ̀ tí ó bá ti òkun wọ odò yóò wọlẹ̀ sí i díẹ̀.

Òfin yìí ní ààlà. Samuel Plimsoll, ọmọ ilé aṣòfin Ìlú Ọba, rí i pé ẹrù àpọ̀jù ń pa àwọn atukọ̀, ó sì jà títí wọ́n fi ṣe òfin ní ọdún 1876 pé kí ilà ìwọ̀n ẹrù wà lára ọkọ̀. Bí ọkọ̀ inú ọ̀sà kò tilẹ̀ ní ilà, òfin omi kò yàtọ̀. Bí ẹni tí ó wọn kílò 70 bá wọlé, ọkọ̀ náà yóò wọlẹ̀ títí yóò fi ti lítà omi 70 sí i kúrò. Nígbà tí etí ọkọ̀ bá ti súnmọ́ omi, ìgbì kékeré kan tó láti kún inú rẹ̀.

Ara ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà pẹ̀lú omi, nítorí náà fóòmù díẹ̀ nínú ẹ̀wù ààbò tó láti gbé orí ọmọdé sókè. Ṣùgbọ́n ara ọmọ náà ni ẹ̀wù ọ̀hún gbọ́dọ̀ wà, kí a sì so ó dáadáa, kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté.