Ká San Ká Tó Jà, Tàbí Ká Jà Ká Tó San?

Ẹni tó bá ń ra ọjà láti Guangzhou wá sí Èkó mọ ìpè yẹn. Ẹrù ti dé, ajẹ́ǹtì sì dárúkọ iye tó ga ju èyí tí wọ́n jọ fẹnu kò sí lọ. Ó lè yarí pé òun ò san, kó máa bá wọn fà á nígbà tí ẹrù ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ó sì lè san, kó gbé ẹrù rẹ̀, kó tó wá béèrè owó tí wọ́n gbà lé e. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó yarí ni akin, ẹni tó san ni ojo. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹrù wà ló yẹ kó sọ èyí tí èèyàn máa ṣe.

Bó bá jẹ́ odindi kọ̀ǹténà tó gúnlẹ̀ sí Àpápá tàbí Tin Can ni, òfin gba ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ láyè láti di ẹrù mú títí wọ́n á fi gba owó ọkọ̀ wọn. Ọjọ́ ọ̀fẹ́ díẹ̀ ni wọ́n ń fúnni. Tó bá ti parí, owó méjì ló ń gun orí ara wọn lójoojúmọ́: demurrage tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń gbà nítorí kọ̀ǹténà wọn, àti owó ilẹ̀ tí àwọn alábòójútó èbúté ń gbà. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni iye tí wọ́n ń gbà lóòjọ́ ń ga sí i. Èèyàn lè torí ọgọ́rùn-ún dọ́là yarí, kó wá fi ọ̀ọ́dúnrún gbẹ̀san lára ara rẹ̀. Àwọn tó di ẹrù mú ò kánjú rárá.

Nídìí kọ̀ǹténà, ẹ san. Àmọ́ ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ san án. Kí owó tó kúrò ní báńkì, ẹ kọ lẹ́tà pé torí kí ẹrù lè jáde lẹ ṣe ń san án, pé ẹ ò gbà pé ẹ jẹ ẹ́, ẹ ó sì béèrè rẹ̀ padà. Ẹ tọ́ka sí ìlà tẹ́ ẹ ń bá wọn jiyàn lé lórí gan-an nínú ìwé owó wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọ́fíìsì Nigerian Shippers' Council lọ ní Àpápá. Ọdún 1978 ni ìjọba dá a sílẹ̀ láti dáàbò bo àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù. Ní 2014, wọ́n tún fi ìṣàkóso ọ̀rọ̀ owó àwọn èbúté lé e lọ́wọ́. Ẹ mú bill of lading, iye tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ àti ríṣíìtì dání. Ó máa ń pẹ́ o, ẹni tó yáwó ra ọjà yóò sì jẹ̀rora.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nídìí pálí méjì-mẹ́ta tí ajẹ́ǹtì kó pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, tó fi bàálù gbé wá sí Ìkẹjà. Níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jà. Tẹ́ ẹ bá ti san, tẹ́ ẹ sì gbé pálí lọ sílé, ẹ̀rí ti bá a lọ. Ta ni yóò gbà pé kò wúwo tó bí wọ́n ṣe sọ? Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n níṣojú yín.

Ẹ mú téèpù ìwọnǹkan dání pẹ̀lú, torí wọ́n tún ń wo bí pálí ṣe tóbi tó, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kú. Ká ní pálí kan gùn ní sẹ̀ntímítà 60, ó fẹ̀ ní 50, ó ga ní 40. Tá a bá sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 120,000. Àwọn ọkọ̀ òfúrufú sábà máa ń fi 6,000 pín in: kìlò 20. Àwọn tó ń gbé ẹrù kíákíá dé ẹnu ọ̀nà sábà máa ń fi 5,000 pín in: kìlò 24. Bí bàtà fóòmù inú rẹ̀ ò ju kìlò 9 lọ, iye tó pọ̀ jù ni wọ́n á gbowó lé, kò sì sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Lójú omi, níbi tí wọ́n ti ń fi CBM (kúbíìkì mítà) gbowó, irú pálí bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ ò tíì kún CBM kan.

Ìjà kan tún wà tí kì í ṣe ti ajẹ́ǹtì rárá. Ẹni tó rà ní CIF rò pé ẹni tó tajà ti san gbogbo ẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ọkọ̀ àti ìbánigbófò dé èbúté nìkan ló san. Owó inú èbúté àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù kù sí ẹni tó rà lọ́rùn. Ti kọ́sítọ́ọ̀mù sì lè ga sí i tí náírà bá já wálẹ̀ nígbà tí ẹrù ṣì wà lójú omi. Ìwé ìdíyelé tí kọ́sítọ́ọ̀mù fúnra wọn tẹ̀ jáde ni kẹ́ ẹ béèrè. Iye tí ajẹ́ǹtì fi WhatsApp ránṣẹ́ ò tó.