Ẹ̀yin tí ẹ ń bá oníbàárà ṣe ìkànnì, ẹ má jẹ́ kí ọgbọ́n iṣẹ́ yín bá òṣìṣẹ́ lọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìka ò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí láwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìkànnì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá lè gba òṣìṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń kọ líǹkì WhatsApp tí kì í yẹ̀, òun náà ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó orí ọjà sínú ojú ewé tí oníbàárà ti ń rajà. Àwọn yòókù á kàn máa bi í léèrè ni. Lọ́jọ́ tí ẹni yìí bá ríṣẹ́ síbòmíràn tó sì kẹ́rù ẹ̀, ohun tí ọ̀gá ti ń fi owó oṣù rà lọ́wọ́ ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ti bá a lọ nìyẹn. Oníbàárà ò ní mọ gbogbo ìyẹn o. Ohun tó máa rí ni pé bọ́tìnì tó wà lára ìkànnì òun ò ṣiṣẹ́, àwọn tó fẹ́ rajà lọ́wọ́ òun ò sì rí òun bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ilé iṣẹ́ fi lè dènà èyí láìná owó rẹpẹtẹ. Òun ni pé kí wọ́n ṣe àfikún tiwọn fún ètò tí wọ́n fi ń kọ kóòdù nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá lè tẹ lẹ́tà tó sì ní sùúrù lè ṣe ẹyọ kan tán láàárín ọ̀sán kan.

Kí ni wọ́n ń pè ní àfikún?

Ẹni tó ń ṣe ìkànnì máa ń ní ètò kan tí wọ́n dìídì ṣe fún kóòdù kíkọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ni Visual Studio Code, tí wọ́n ń gé kúrú sí VS Code. Ilé iṣẹ́ Microsoft ló gbé e jáde lọ́dún 2015. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Àwọn tó ṣe é fi àyè sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè fi nǹkan tirẹ̀ kún un. Nǹkan tí wọ́n fi kún un yẹn ni wọ́n ń pè ní extension, àwa ó máa pè é ní àfikún níbí yìí.

Ẹ wo maṣíìnì télọ̀. Télọ̀ lè tú ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ maṣíìnì kó fi ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń ran síìpù síbẹ̀. Maṣíìnì yẹn kan náà ni, àmọ́ ó ti lè ṣe iṣẹ́ tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Bí àfikún ṣe rí sí VS Code nìyẹn.

Oríṣiríṣi àfikún ló wà. Èyí tó rọrùn jù ni èyí tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kúkúrú, tí wọ́n ń pè ní snippet. Ẹ ó fún àkọsílẹ̀ náà ní orúkọ àpè kan. Bí òṣìṣẹ́ bá ti tẹ orúkọ yẹn, gbogbo ìlà kóòdù tí ẹ ti kọ síbẹ̀ á jáde, á sì ku kìkì ibi tó yẹ kó fi ọ̀rọ̀ oníbàárà sí.

Ẹ jẹ́ ká fi líǹkì WhatsApp ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló fẹ́ kí bọ́tìnì WhatsApp wà lára ìkànnì wọn. Àdírẹ́sì tí bọ́tìnì yìí ń lò ni https://wa.me/, lẹ́yìn náà nọ́ńbà fóònù. WhatsApp fẹ́ kí nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti orílẹ̀-èdè, láìsí òdo níwájú, láìsí àmì ìròpọ̀, láìsí àlàfo. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká wa ní Nàìjíríà jẹ́ ẹyọ 11, òdo ló sì máa ń ṣáájú. Ẹ ó yọ òdo yẹn kúrò, á ku 10. Ẹ ó fi 234 síwájú, á di 13. Òṣìṣẹ́ tí kò bá mọ èyí á kan da nọ́ńbà náà kọ bí oníbàárà ṣe kọ ọ́ fún un, líǹkì náà ò sì ní débi tó ń lọ. Ohun tí àfikún wa máa ṣe ni pé á ti kọ 234 sílẹ̀, á sì rán òṣìṣẹ́ létí pé kó yọ òdo.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é

Àkọ́kọ́, ẹ gba VS Code àti Node.js sórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, dátà nìkan lẹ ó ná. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ ìlà yìí síbẹ̀:

npx --package yo --package generator-code -- yo code

Á bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín ní ìbéèrè. Ẹ mú New Code Snippets nínú àwọn tó bá tò sílẹ̀. Bó bá béèrè fódà tí ẹ fẹ́ kó nǹkan wá láti inú ẹ̀, ẹ má kọ nǹkan kan, ẹ tẹ Enter. Bó bá béèrè orúkọ, ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ yín. Bó bá béèrè èdè kóòdù, ẹ kọ html, nítorí òun ni wọ́n fi ń kọ ojú ewé ìkànnì. Fódà tuntun kan á jáde.

Ìkejì, ẹ fi VS Code ṣí fódà náà. Fódà kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ snippets. Ẹ ṣí fáìlì tó wà níbẹ̀, kí ẹ kọ èyí sínú ẹ̀:

{
  "Líǹkì WhatsApp": {
    "prefix": "wasap",
    "body": "<a href=\"https://wa.me/234$1\">$2</a>",
    "description": "Yọ òdo iwájú, kí nọ́ńbà ku 10"
  }
}

Prefix ni orúkọ àpè. Body ni ohun tó máa jáde. Ibi tí ẹ ti rí $1 ni òṣìṣẹ́ máa kọ nọ́ńbà sí. Bó bá tẹ Tab, á bọ́ sí $2, níbi tó ti máa kọ ọ̀rọ̀ tí oníbàárà máa rí lójú bọ́tìnì, bí àpẹẹrẹ, "Ẹ bá wa sọ̀rọ̀". Description ni ìkìlọ̀ tí òṣìṣẹ́ lè kà kó tó mú un. Ẹ kíyè sí àwọn àmì kéékèèké wọ̀nyẹn dáadáa. Bí kọ́mà kan bá sọnù, tàbí tí àmì tó wà níwájú href kò bá pé, gbogbo ẹ̀ lè má ṣiṣẹ́.

Ìkẹta, ẹ dán an wò. Ẹ tẹ F5. VS Code á ṣí ojú fèrèsé mìíràn tí àfikún yín ti wà nínú ẹ̀. Ẹ dá fáìlì tuntun síbẹ̀, kí ẹ pè é ní danwo.html, lẹ́yìn náà ẹ tẹ wasap. Ẹ ó rí i tó jáde nínú àwọn tó tò sílẹ̀. Bí kò bá jáde, ẹ tẹ Ctrl àti Space pọ̀.

Ìkẹrin, ẹ dì í. Ẹ ṣí fáìlì tó ń jẹ́ README.md, ẹ pa ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, kí ẹ kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta nípa ohun tí àfikún náà wà fún. Nínú package.json, ẹ fi ìlà "publisher" kún un pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ yín láìsí àlàfo. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ èyí ní Terminal:

npx @vscode/vsce package

Bó bá kìlọ̀ pé òun ò rí repository tàbí license, tó sì béèrè bóyá kóun máa lọ, ẹ tẹ y. Fáìlì kan tí orúkọ ẹ̀ parí pẹ̀lú .vsix á jáde. Ẹ fi fláàṣì gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ṣí Extensions nínú VS Code, kí wọ́n tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, kí wọ́n mú Install from VSIX. Ó parí.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí VS Code fúnra ẹ̀ ní ibi tí èèyàn lè kọ snippet sí láìṣe àfikún. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan. Àmọ́ níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti pé mẹ́rin, kálukú á máa kọ tiẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi yàtọ̀ síra.

Bí nǹkan bá yí padà ńkọ́?

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2020, owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT kúrò ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà, ó di 7.5. Níbi tó bá jẹ́ pé orí ni kálukú fi mọ ìṣirò, ẹnì kan á ti máa kọ 7.5, ẹlòmíràn á ṣì máa kọ 5, oníbàárà ló sì máa gbé ìyàtọ̀ owó yẹn. Bí ìṣirò náà bá wà nínú àfikún, ìlà kan lẹ ó yí padà. Ẹ ó sọ nọ́ńbà 0.0.1 tó wà nínú package.json di 0.0.2, ẹ ó tún un dì, ẹ ó sì pín in.

Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀. Àfikún tí ẹ fi fláàṣì pín kì í sọ ara ẹ̀ di tuntun, ẹ gbọ́dọ̀ lọ fi sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i. Èkejì, ojú ewé tí ẹ ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní yí padà rárá. Ẹ ní láti tẹ Ctrl, Shift àti F pọ̀ nínú fódà iṣẹ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá ìṣirò àtijọ́ yẹn rí, kí ẹ sì tún un ṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé, nọ́ńbà àṣírí báńkì tàbí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì sínú àfikún láéláé. Fáìlì .vsix ò ní àgádágodo kankan, fáìlì zip lásán ni, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lè tú u wò. Bí ẹ bá sì gbé e lọ sí ọjà àfikún tí Microsoft ṣí fún gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á. Ti ilé iṣẹ́ kò pọn dandan kó débẹ̀.

Ẹ tún wo àfikún àwọn ẹlòmíràn dáadáa kí ẹ tó gbà á. Àfikún oní-snippet bíi tiwa yìí ò ní kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó lágbára jù ú lọ ní irú àṣẹ kan náà tí VS Code ní lórí kọ̀ǹpútà yín: wọ́n lè ka fáìlì, wọ́n sì lè fi ránṣẹ́ síta. Ẹ wo ẹni tó ṣe é, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ẹ nílò ẹ̀ lóòótọ́.

Ibi tí ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ fi ìwé kan sílẹ̀ lórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn òṣìṣẹ́ máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá bi ara wọn léèrè sínú ẹ̀. Èyí tó bá jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ di snippet. Bó bá yá tí ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ yẹ nọ́ńbà wò kó sì ké gbàjarè bí kò bá pé 13, ìyẹn á gba ẹni tó mọ JavaScript. Ìwé yẹn lẹ ó gbé fún un, á sì mọ ohun tí ẹ fẹ́ láìsí àròyé.

Ohun kan tó kù ni pé kí èèyàn méjì, ó kéré tán, mọ ibi tí fódà àfikún náà wà àti bí wọ́n ṣe ń dì í. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá lọ, ẹ ò ní lè tún ìlà kan ṣe nínú ẹ̀ mọ́.