Módẹ̀mù Rédíò Dúróònù Yín Ń Kú, Ó Ń Jí: Ẹ Wo Iná Tó Ń Jẹ

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ìbéèrè kan tó ń wọlé léraléra: "Mo ra módẹ̀mù rédíò tó lágbára, mo fi í sẹ́yìn rìmóòtù dúróònù mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé agbára rẹ̀ sókè báyìí, á kú, á tún jí. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?"

Ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́. Àmọ́ kí ẹ tó lọ bá ẹni tó tà á jà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iná tó ń jẹ àti wáyà tó ń gbé iná náà wá. Ebi sábà máa ń wà nídìí irú àìsàn yìí. Bí ebi bá sì pa módẹ̀mù nígbà tí dúróònù wà lókè, kò sẹ́ni tó di dúróònù náà mú mọ́. Orí ọkọ̀ ẹlòmíì ló lè já lé, ó sì lè jẹ́ orí ènìyàn.

Kí ni módẹ̀mù yìí ń ṣe?

Bí ẹ bá ti ọ̀pá rìmóòtù síwájú, rìmóòtù á sọ ọ́ di nọ́ńbà. Módẹ̀mù á gba nọ́ńbà yẹn, á gbé e sórí ìgbì rédíò, ẹ̀rọ kékeré tó wà lára dúróònù á sì gbà á. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn aláfẹ́ dúróònù ni ExpressLRS, tí kóòdù rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Àwọn kan ń lo 2.4 GHz, àwọn mìíràn ń lo 868 tàbí 915 MHz.

Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ rìmóòtù ní àyè kan tí wọ́n ń pè ní JR bay, tó ní ẹsẹ̀ irin 5. Ẹsẹ̀ kẹta ń gbé iná bátìrì wá, ìkẹrin ni GND, ìkarùn-ún sì ni ExpressLRS fi ń bá rìmóòtù sọ̀rọ̀. Wáyà kan ṣoṣo yẹn ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun náà ló ń gbé e bọ̀.

Ẹ ṣírò iná kí ẹ tó so ó

Módẹ̀mù tó ń gbé 1 W jáde láti áńténà ń jẹ ju 1 W lọ, torí pé apá kan nínú ohun tó ń jẹ á di ooru. Ká ní ó ń jẹ 4 W. Lórí bátìrì LiPo 2S, tó jẹ́ 7.4 V, ẹ pín 4 sí 7.4, ẹ ó rí i pé ó ń fa ohun tó lé díẹ̀ ní 0.5 A.

Kì í sì í fà á lọ́gbọọgba. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ ránṣẹ́ ló máa ń fà á gììrì. Ẹ mọ bí gílóòbù ṣe máa ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí ará ilé kejì bá tan áyọ́ọ̀nù? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Bí volt bá lọ sílẹ̀ ju ohun tí ọpọlọ módẹ̀mù lè gbà, ó máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ módẹ̀mù 1 W fi ní ihò XT30 lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ lè fún un ní bátìrì tirẹ̀. Ẹ ka iye volt tí wọ́n kọ sí i dáadáa: bátìrì 2S tó kún jẹ́ 8.4 V, 4S tó kún jẹ́ 16.8 V. Èyí tí ọ̀kan gbà lè jó òmíràn.

Bí ó bá jẹ́ pé 5 V ni módẹ̀mù yín ń fẹ́, ẹ má ṣe so 2S mọ́ ọn tààrà. Àwọn kan máa ń lo 7805 torí pé owó rẹ̀ kéré. Wàhálà rẹ̀ ni pé ohun tó ń wọlé gbọ́dọ̀ fi bíi 2 V ju ohun tó ń jáde lọ. Bí bátìrì bá ti wá sí 7 V, 5 V yín náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Nígbà tí bátìrì bá sì kún, 3.4 V tó ṣẹ́ kù, lórí 0.5 A, á di ooru 1.7 W. Ó lè jó yín lọ́wọ́. BEC 5 V tó lè gbé 2 A tàbí 3 A ló dára jù. Bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń yí volt rẹ̀, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ó tó fojú kan módẹ̀mù.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi kapásítọ̀ 470 µF, 16 V, sórí iná 5 V náà, nítòsí módẹ̀mù. Iṣẹ́ tí kẹ́ẹ̀gì omi ń ṣe nínú ilé ló ń ṣe: bí omi ẹ̀rọ bá fà sẹ́yìn díẹ̀, tinú kẹ́ẹ̀gì á gbà yín. Ẹsẹ̀ tó wà níhà ibi tí wọ́n fa ìlà sí ni nẹ́gétíìfù.

Ọ̀rọ̀ wáyà

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín so módẹ̀mù mọ́ bọ́ọ̀dù, ohun mẹ́ta ni kí ẹ dì mú.

Àkọ́kọ́, GND gbọ́dọ̀ so pọ̀, kódà bí módẹ̀mù bá ní bátìrì tirẹ̀. Láti GND ni ẹ̀rọ méjèèjì ti ń wọn volt. Bí ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé kò bá jẹ́ ọ̀kan, wọn ò ní gbọ́ ara wọn yé.

Ìkejì, bí wáyà ọ̀rọ̀ bá jẹ́ méjì, TX ti ibí ń lọ sí RX ti ọ̀hún. Ẹnu ẹnì kan, etí ẹnì kejì.

Ìkẹta, ọ̀pọ̀ módẹ̀mù ń sọ̀rọ̀ ní 3.3 V, Arduino Uno sì ń sọ̀rọ̀ ní 5 V. Ẹ fi resistor 1 kΩ sójú ọ̀nà láti TX Uno, kí ẹ sì so 2 kΩ láti ibẹ̀ lọ sí GND. 5 V á di nǹkan bíi 3.3 V.

Áńténà kọ́kọ́, iná tẹ̀ lé e

Ẹ má tan módẹ̀mù láìsí áńténà láé. Agbára tí kò ríbi jáde gbà á padà sẹ́yìn, ó sì lè ba ampilifáyà inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ tún ṣọ́ra fún SMA àti RP-SMA, torí wọ́n jọra bí ìbejì. Áńténà lè wé mọ́ ọn dáadáa, kí irin àárín wọn má sì kanra. Ẹ máa wo inú rẹ̀: ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní abẹ́rẹ́, èkejì gbọ́dọ̀ ní ihò.

Kí ẹ tó fò

Ẹ yọ gbogbo abẹ̀bẹ̀ dúróònù. Ẹ gbé módẹ̀mù sí agbára tí ẹ fẹ́ lò, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ máa mi wáyà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbára lé mítà nìkan, torí volt lè lọ sílẹ̀ kó sì padà kí mítà tó rí i. Iná ara módẹ̀mù ni kí ẹ máa wò, bóyá ó ń tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tan mọ́tò, kí ẹ wá pa rìmóòtù. Bí mọ́tò kò bá ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe nínú failsafe, ẹ má fò lọ́jọ́ náà.

Ohun kan tó kù: ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá 100 mW ni 1 W, ṣùgbọ́n ibi tó lè dé kò ju bí ìlọ́po mẹ́ta lọ, kódà lójú ọ̀run gbalasa. Fún ẹni tó ń fò lórí pápá níbi tí ojú rẹ̀ tó o, 100 mW tó jẹun yó sàn ju 1 W tí ebi ń pa lọ.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì ya fọ́tò wáyà yín mọ́ ọn. Ó dìgbà kan ná o.