Àwọn Ẹlẹ́sìn Sátánì, àti Àwọn Aláìṣẹ̀ tí A Fi Orúkọ Wọn Dè Lókùn

Bí a bá dárúkọ Sátánì láàárín àwọn Kírísítẹ́nì tàbí àwọn Mùsùlùmí, kì í pẹ́ kí ọkàn olúkúlùkù tó sáré lọ síbi òru, ẹ̀jẹ̀, itẹ́ òkú àti ọmọ tí a fi rúbọ. Bí a bá sì tún gbọ́ pé àwọn ènìyàn kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ẹnu ara wọn pe ara wọn ní ẹlẹ́sìn Sátánì, tí wọ́n ní ìjọ, tí wọ́n ní ìwé, tí ìjọba sì mọ̀ wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kọ́kọ́ ké pe Olúwa kí ó tó ronú àtibéèrè ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ béèrè lónìí, nítorí pé àìbéèrè rẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n, ó sì ti ba ayé àwọn ọmọdé tí àwọn àgbà ní àwọn ń gbà sílẹ̀ jẹ́.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1966 ni Anton LaVey, ọkùnrin afárí kan tí ó ń gbé ní ìlú San Francisco ní ìpínlẹ̀ California, kéde pé òun ti dá ìjọ kan sílẹ̀ tí òun sọ ní Church of Satan. Ilé tirẹ̀, tí ó kùn ní dúdú láti òkè dé ilẹ̀, ni wọ́n ti ń pàdé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tan àbẹ́là, tí wọ́n ń lu agogo, tí wọ́n ń na idà sókè, tí àwọn oníròyìn sì ń sáré wá ya àwòrán, nítorí pé LaVey mọ ohun tí ń fa ojú ènìyàn mọ́ra. Ní ọdún 1969 ó tẹ ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Satanic Bible, ẹni tí ó bá sì ṣí i pẹ̀lú èrò pé òun yóò ka bí a ti ń fi ọmọ rúbọ, kò ní rí i kà títí yóò fi pa ìwé náà dé. Ohun tí LaVey ń wí ni pé kò sí Ọlọ́run kan tí ń gbọ́ àdúrà, kò sí ọ̀run, kò sí iná àjóòkú; pé ayé yìí nìkan ni ó wà, pé ara ènìyàn kì í ṣe ohun ìtìjú, pé olúkúlùkù ni ọlọ́run ara rẹ̀; àti pé Sátánì tí òun ń wí kì í ṣe ẹ̀mí àìrí tí ènìyàn ń wólẹ̀ fún, bí kò ṣe àmì ìgbéraga àti ti ẹni tí ó kọ̀ láti tẹrí ba.

Èmi kò rí ohun tí ó wù mí nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀kọ́ tí ó ní kí ènìyàn ká àánú rẹ̀ mọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tọ́ sí i nìkan, kí ó sì gbẹ̀san lára ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ẹ́, kò lè bá àwa tí wọ́n fi 'ènìyàn laṣọ mi' tọ́ dàgbà lára mu. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan má wu ni, ọ̀tọ̀ ni kí a pa irọ́ mọ́ ọn. Nínú òfin mọ́kànlá tí LaVey là sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀, ó wà níbẹ̀ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe ọmọdé ní jàǹbá, wọn kò sì gbọdọ̀ pa ẹranko, àfi bí ẹranko bá kọlù wọ́n tàbí bí wọ́n bá fẹ́ pa á jẹ. Nítorí náà ẹni tí ó bá rò pé pípa ọmọ ni ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn wọn, ohun tí òfin wọn kọ̀ ni ó fi ń kàn wọ́n.

Lóòótọ́, wọn kì í ṣe ìjọ kan náà. Ní ọdún 1975 Michael Aquino, ọ̀gágun nínú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, bínú kúrò lọ́dọ̀ LaVey, ó lọ dá Temple of Set sílẹ̀, àwọn yẹn sì gbà pé ẹ̀dá kan wà lóòótọ́ tí òye ènìyàn ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń pè ní Set. Wọn kò pọ̀. Kí n sì yára fi èyí kún un: kò sí èyí tí ó kan Èṣù Ọ̀dàrà, Láàlú Ògiri Òkò, onílé oríta, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, LaVey kò mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọlẹ́yìn LaVey kò sì fi ìgbà kan bọ ọ́.

Àwọn tí ariwo wọn gba ayé kan jùlọ ní àsìkò yìí ni The Satanic Temple, tí Lucien Greaves àti ẹnìkejì rẹ̀ dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2013. Ìlú Salem ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, èyí kò sì ṣèèṣì, nítorí pé ní Salem yìí kan náà ni wọ́n ti so ènìyàn 19 rọ̀ lọ́dún 1692 pé àjẹ́ ni wọ́n, tí wọ́n sì fi òkúta tẹ baba arúgbó kan pa nítorí pé ó kọ̀ láti rojọ́. Ìlànà méje ni ìjọ náà ní, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn sì ni pé kí ènìyàn sapá láti máa hùwà àánú sí gbogbo ẹ̀dá alààyè. Àwọn náà kò gbà pé Sátánì wà. Church of Satan tilẹ̀ ń bú wọn pé òṣèlú lásán ni wọ́n ń ṣe, pé wọn kì í ṣe ẹlẹ́sìn Sátánì òtítọ́.

Òṣèlú náà kúkú wà níbẹ̀. Ní ọdún 2012 wọ́n gbé òkúta Òfin Mẹ́wàá kalẹ̀ sí ọgbà ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Oklahoma, bẹ́ẹ̀ òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ìjọba gbé ẹ̀sìn kan ga ju òmíràn lọ. Ni The Satanic Temple bá ní bí àyè bá wà fún Mósè, kí wọ́n fún àwọn náà ní àyè. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì fi idẹ rọ ère Baphomet, abìyẹ́ olórí òbúkọ, tí ó jókòó lórí àga, tí ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbójú sókè ń wò ó. Ẹni tí ó wá pe ìjọba lẹ́jọ́ gan-an lórí òkúta yẹn, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, Bruce Prescott, tí ó gbà pé ìjọba kò ní iṣẹ́ kan láti ṣe nínú ọ̀ràn Òfin Mẹ́wàá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Oklahoma dá a láre, wọ́n sì hú òkúta náà kúrò. The Satanic Temple kò béèrè àyè ní Oklahoma mọ́. Ìlú Detroit ni wọ́n ti ṣí aṣọ lójú ère wọn ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 2019 ìjọba àpapọ̀ kà wọ́n mọ́ àwọn ìjọ tí kì í san owó orí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo ní kò sí ẹni ibi tí ó fi orúkọ Sátánì bojú rí. Richard Ramirez, apànìyàn tí wọ́n mú ní Los Angeles lọ́dún 1985, ya ìràwọ̀ Sátánì sí àwọn ibì kan tí ó ti pànìyàn. Ní Norway, láti ọdún 1992, àwọn ọ̀dọ́kùnrin olórin kan ń dáná sun ilé ìjọsìn ìgbà láéláé. Ẹgbẹ́ kan sì wà tí ń jẹ́ Order of Nine Angles, tí ó po ẹ̀kọ́ Hitler mọ́ ti Sátánì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Ethan Melzer, tú àṣírí ibi tí ikọ̀ tirẹ̀ ń lọ fún wọn kí wọ́n lè pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọdún 45 ni wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 2023. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń wá ẹ̀rí lára olúkúlùkù kí a tó dá a lẹ́bi. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1995 yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé ìlú odindi ń ṣọdẹ àwọn ènìyàn tí kò sí.

Ìwé kan ni ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1980 oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà kan àti obìnrin tí ó ń tọ́jú tẹ ìwé kan jáde tí ń jẹ́ Michelle Remembers, nínú èyí tí obìnrin náà ti ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ẹgbẹ́ Sátánì kan ti fi ojú òun rí màbo nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó rí ẹ̀rí rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ọlọ́pàá, àwọn olùtọ́jú ọmọ àti àwọn oníwàásù ka ìwé náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú rẹ̀ kiri.

Ní ìlú Manhattan Beach, létí òkun California, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan wà tí ìyá àgbà kan, Virginia McMartin, dá sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn pàtàkì ìlú ń mú ọmọ wọn lọ. Ní ọdún 1983 ìyá kan lọ bá ọlọ́pàá pé Ray Buckey, ọmọ-ọmọ ìyá àgbà náà, ti ba ọmọkùnrin òun jẹ́. Kí àwọn ọlọ́pàá tó wádìí ọ̀ràn náà tán, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí nǹkan bí igba òbí, wọ́n dárúkọ Ray sínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù bi ọmọ tirẹ̀ léèrè. Ẹyin lohùn, fífọ́ ni í fọ́ bí ó bá balẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò rí nǹkan kan ni a kó lọ sọ́dọ̀ àwọn olùbéèrè tí wọ́n di ọmọlangidi mọ́wọ́, tí wọ́n ń sọ fún wọn pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ti jẹ́wọ́, pé ọmọ tí ó bá gbọ́n yóò jẹ́wọ́ pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá ní rárá, wọn a tún un bi, wọn a tún un bi, títí yóò fi ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ọmọ ń sọ pé olùkọ́ wọn ń fò lójú ọ̀run, pé ọ̀nà abẹ́lẹ̀ wà lábẹ́ ilé-ìwé, pé wọ́n pa ẹṣin níṣojú àwọn. Nígbà tí a kó àwòrán síwájú ọmọ kan pé kí ó mú ẹni tí ó ṣe é, Chuck Norris òṣèré sinimá ni ó nawọ́ sí. Àwọn òbí fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì wá ọ̀nà abẹ́lẹ̀ náà nínú ọgbà ilé-ìwé lọ́dún 1985.

Ènìyàn méje ni wọ́n fi sùn, tí ìyá àgbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún wà nínú wọn. Ní 1986 ìjọba fi ẹjọ́ márùn-ún nínú wọn sílẹ̀. Ó ku Ray àti ìyá rẹ̀, Peggy. Ìgbà tí yóò fi di 1990 tí gbogbo rẹ̀ parí, ẹjọ́ náà ti gba ọdún méje, ó ti gba nǹkan bí mílíọ̀nù 15 dọ́là, Ray ti lo ọdún márùn-ún ní àtìmọ́lé, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan tí wọ́n dá lẹ́bi. Ohun tí ó yí àwọn júrì lọ́kàn padà ni fídíò ìbéèrè náà, tí wọ́n fi ojú ara wọn rí bí àgbà ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sọ́mọ lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, nígbà tí ó di àgbà, sọ ọ́ fún ìwé ìròyìn ní 2005 pé irọ́ ni gbogbo ohun tí òun wí, pé ohun tí àwọn àgbà fẹ́ gbọ́ ni òun ń sọ.

Àwọn ará wa àtijọ́ a máa sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Ọgbọ́n tí àwọn agbófinró Amẹ́ríkà lò nìyẹn ní West Memphis, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, nígbà tí wọ́n rí òkú ọmọkùnrin mẹ́ta ní oṣù Karùn-ún 1993. Damien Echols, ọmọ ọdún 18, ń wọ aṣọ dúdú, ó ń gbọ́ orin onílù líle, ó sì ń ka ìwé awo: wọ́n ní ó tó. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un, wọ́n sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sẹ́wọ̀n gbére, ọdún 18 sì kọjá kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jáde ní 2011.

Kenneth Lanning, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ọ̀ràn ìbàjẹ́ ọmọdé, kò kọ́kọ́ jiyàn sí ìtàn wọ̀nyí. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá òkú, wá egungun, wá ẹnìkan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ náà tí yóò tú àṣírí, kò rí, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1992. Ní Bìrìtìkó, lẹ́yìn tí wọ́n ti já wọ ilé ní òwúrọ̀ kùtù kó ọmọ mẹ́sàn-án lọ ní erékùṣù Orkney ní 1991, tí wọ́n sì tún kó wọn padà wá fún àwọn òbí wọn, ìjọba ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n Jean La Fontaine wádìí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ 84. Kò bá ẹlẹ́sìn Sátánì nínú ọ̀kankan. Mẹ́ta ni ó ti bá ohun tí ó jọ ètùtù pàdé, ọkùnrin oníṣekúṣe ni ó sì ń fi í dẹ́rù ba ọmọ. Ibi tí ó dùn mí jù nìyẹn: bí gbogbo ojú ti ń wo inú igbó òkùnkùn, àwọn tí ń ba ọmọ jẹ́ nínú ilé wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wò wọ́n.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti Fran àti Dan Keller, ogún ọdún náà pé pérépéré, ó tún lé. Tọkọtaya yìí ń tọ́jú ọmọ ní ilé wọn ní Austin, ní Texas. Wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n fún àwọn ọmọ ní ẹ̀jẹ̀ mu, pé wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn lọ sí Mẹ́síkò, wọ́n sì gbé wọn padà kí àwọn òbí tó dé. Ní 1992 wọ́n sọ wọ́n sẹ́wọ̀n ọdún 48. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí a lè fojú rí ni ti dókítà tí ó ní òun rí ọgbẹ́ lára ọmọbìnrin kan. Dókítà kan náà ni ó padà wá sọ fún ilé ẹjọ́ ní 2013 pé òun ṣìnà, pé bí ara ọmọ tí kò sí nǹkan kan tí ó ṣe é ti máa ń rí ni òun pè ní ọgbẹ́. Wọ́n jáde ní òpin ọdún yẹn. Ní 2017 ìjọba kéde pé aláìṣẹ̀ ni wọ́n, Texas sì san mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ó lé fún wọn.

A kò lè na ìka sí Amẹ́ríkà nìkan. Ní Akwa Ibom, nílẹ̀ wa níbí, wọ́n ti lé ọ̀pọ̀ ọmọdé jáde nílé nítorí pé wòlíì kan pè wọ́n ní àjẹ́, títí ìpínlẹ̀ náà fi ṣòfin ní 2008 pé ọ̀daràn ni ẹni tí ó bá fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan ọmọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin olùṣọ́àgùntàn àti ẹ̀yin àlùfáà, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí wọ́n bá fa ọmọ kan tàbí aládùúgbò kan wá síwájú yín pé ti ayé òkùnkùn ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n rí, ẹ béèrè ẹni tí ó rí i, kí ẹ sì gbọ́ ti ẹnu ẹni tí wọ́n ń fi sùn náà kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé e.