Àtúntẹ̀ Àwo Fẹlá: Inú Téèpù Wo Ló Ti Wá?

Ọ̀rọ̀ náà “remastered” tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára páálí àwo orin àtijọ́ túmọ̀ sí pé wọ́n tún ohùn orin náà ṣe kí wọ́n tó tún un tẹ̀ jáde. Ní sítúdíò, ohùn olórin, ìlù, fèrè àti gìtá máa ń wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí téèpù. Ẹnjinía á wá pò wọ́n pọ̀, á rẹ èyí sílẹ̀, á gbé tọ̀hún sókè, títí gbogbo rẹ̀ á fi di odidi orin lórí téèpù kejì. Téèpù kejì yìí ni ìyá àwo, òun sì ni ẹni tó ń ṣe remaster máa ń mú ṣiṣẹ́. Kò lè fọwọ́ kan ìlù kó má kan fèrè. Bí ọbẹ̀ tó ti jinná ni orin náà rí lọ́wọ́ rẹ̀: ó lè fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, àmọ́ kò lè ṣa ata kúrò nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá padà sí téèpù àkọ́kọ́, tó tún gbogbo rẹ̀ pò lákọ̀tun, remix ló ṣe. Àwo Beatles fi ìyàtọ̀ yìí hàn dáadáa. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, wọ́n kó àwo wọn jáde pẹ̀lú ohùn tí wọ́n tún ṣe, ìpòpọ̀ àtijọ́ ṣì ni. Ṣùgbọ́n Sgt. Pepper's tó jáde lọ́dún 2017, Giles Martin ló tún un pò. Ẹni tó ń wá orin tó mọ̀ láti kékeré gbọ́dọ̀ wo èwo nínú méjèèjì ló fẹ́ sanwó fún.

Ọ̀rọ̀ Fẹlá Aníkúlápó Kútì àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Africa 70, le ju ti Beatles lọ. Lọ́dún 1971 wọ́n gba Fela's London Scene sílẹ̀ ní Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù, sítúdíò kan náà tí Beatles ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú àwọn àwo tó kù, wọ́n ń ṣe é lẹ́sẹẹsẹ, nígbà míì ju ẹyọ kan lọ lọ́dún kan, iléeṣẹ́ tó sì ń tẹ̀ wọ́n kì í ṣe ẹyọ kan. Bí téèpù ṣe fọ́n káàkiri nìyẹn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá, wọ́n na àwọn ará ilé, wọ́n ju ìyá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ìyá kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Iná yẹn jó ohun èlò orin, ó jó téèpù pẹ̀lú. Ohun tó jóná níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà.

Téèpù tí iná kò jó náà ń ṣàárẹ̀. Oje tó lẹ ìyẹ̀fun irin mọ́ ara rẹ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, pàápàá nílẹ̀ olóoru, téèpù á wá máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, á sì máa ṣí. Àwọn ẹnjinía a máa fi irú téèpù bẹ́ẹ̀ sínú ààrò tí ooru rẹ̀ kò le, bí ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí díẹ̀ sí i, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bó bá ti gbẹ, wọ́n á yára gbà á sórí kọ̀ǹpútà, torí kò ní pẹ́ tí ọ̀rinrin á fi tún mú un.

Níbi tí téèpù bá ti pòórá, àwo àtijọ́ tó mọ́ ni wọ́n máa ń wá, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ lé e, wọ́n á gba ohùn rẹ̀, wọ́n á sì fi kọ̀ǹpútà ṣa ariwo pẹ́pẹ́ àti ṣììì kúrò. Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni èyí. Ibi tí ariwo ṣììì yẹn wà lókè ohùn ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti páànù dúrọ́ọ̀mù náà ń gbé. Bí wọ́n bá fọ àwo ní àfọ̀jù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó yẹ kó máa dún ṣàkà-ṣàkà á wá dà bí ẹni fi aṣọ bò ó. Àwo tó ṣì ní ariwo díẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n fọ̀ títí ẹ̀mí fi kúrò lára rẹ̀ lọ.

Ewu kejì ni ìpariwo. Láti àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbé ibi tó rọlẹ̀ nínú orin sókè, wọ́n sì ń tẹ ibi tó ga mọ́lẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba kó sì máa han ketekete. Etí ènìyàn máa ń ka ohun tó bá dún sókè sí èyí tó dára jù, ìdí nìyẹn tí ẹ̀tàn yìí fi ń ṣiṣẹ́. Confusion, àwo ọdún 1975, dára láti fi dán an wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, dùùrù oníná Fẹlá àti dúrọ́ọ̀mù Tony Allen nìkan ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí báàsì tó wọlé, kí gìtá tó tẹ̀ lé e, kí àwọn fèrè tó bú sí i. Ìgbà tí fèrè bá bú, ó yẹ kí ara olùgbọ́ ta gìrì. Bí ìbẹ̀rẹ̀ àti ibẹ̀ yẹn bá ga bákan náà, wọ́n ti tẹ orin náà pa. Ẹni tó bá fẹ́ fi àwo méjì wéra gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ èyí tó ń pariwo sílẹ̀ kí ohùn wọn dọ́gba.

Ní nǹkan bí ọdún 2000, iléeṣẹ́ MCA tún àwọn àwo Fẹlá tẹ̀ sórí síídì, púpọ̀ nínú wọn ní méjì-méjì: Shakara pẹ̀lú London Scene, Confusion pẹ̀lú Gentleman. Owó kan, àwo méjì. Síídì tún jẹ́ kí Confusion, tó lé ní ìṣẹ́jú 25, máa lọ láìdúró, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn àwo làwọn àgbà máa ń yí sí kí wọ́n tó gbọ́ ìdajì kejì. Iléeṣẹ́ Knitting Factory ló gba iṣẹ́ náà ní nǹkan bí ọdún 2010. Àwọn ló kó àwo mélòó kan pọ̀ sínú àpótí, tí gbajúmọ̀ bíi Questlove, Ginger Baker, Brian Eno àti Erykah Badu sì ṣa èyí tó máa wà níbẹ̀. Orin àfikún gba àkíyèsí. Orin méjì péré ló wà lórí Zombie ti ọdún 1976. Nínú méjì tí wọ́n fi kún síídì rẹ̀, Berlin ni wọ́n ti gba ọ̀kan lọ́dún 1978, lójú agbo. Wọ́n dùn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ara Zombie.

Ẹni tó fẹ́ràn àwo ńlá ju síídì lọ ń ra iṣẹ́ ọwọ́ Lemi Ghariokwu pẹ̀lú, ẹni tó ya páálí àwo Fẹlá tó lé ní 20. Lórí síídì, àwọn àwòrán wínníwínní inú rẹ̀ kò ṣeé rí. Ìwúwo gíráàmù 180 tí wọ́n ń polówó kò sọ nǹkan kan nípa ohùn. Poro ló ṣe pàtàkì: báàsì ń fẹ́ poro tó gbòòrò, nítorí náà bí ojú kan bá ti kọjá ìṣẹ́jú 20 dáadáa, wọ́n ní láti rẹ ohùn sílẹ̀ kí poro tó lè gbà á. Kí olùrà yí páálí sẹ́yìn, kó wá orúkọ ẹni tó tún ohùn ṣe àti ohun tó ti gbà á, téèpù tàbí àwo. Páálí tí kò sọ ọ̀kan nínú méjèèjì, tí àwòrán rẹ̀ sì ṣú bí ẹ̀dà fọ́tò, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ àdàkọ tí kọ́bọ̀ kan nínú owó rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Fẹlá.

Bí ti tuntun bá sì ti dé ilé, kí ti àtijọ́ tó wà nínú àpótí bàbá má di títà. Àwo tí wọ́n tẹ̀ l'Ékòó ní àwọn ọdún 1970, tí ojú rẹ̀ kò há, lè jẹ́ èyí tí ẹnjinía kan máa wá yá lọ́jọ́ kan, nítorí téèpù rẹ̀ kò sí mọ́.