Aṣọ Tó Ń Gba Omi Wọlé, Tó Ń Lé Òtútù Jáde

Ti ẹsẹ̀ bọ omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan l'Abuja ní aago mẹ́fà àárọ̀, nínú ọyẹ́ oṣù kìíní. Wò ó bí ìka ẹsẹ̀ ṣe ká kò! Eyín á máa lu ara wọn bí ọmọ ayò nínú àpò.

Ṣé o mọ̀ pé omi ń yára gba ooru lára èèyàn ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 25? Márùndínlọ́gbọ̀n o!

Ṣé o mọ̀ pé aṣọ rọ́bà kan wà fún irú òtútù yẹn? Wetsuit ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara típẹ́típẹ́. Omi sì ń wọ inú rẹ̀! Omi díẹ̀ yẹn há sáàárín rọ́bà àti awọ ara, ara rẹ sì ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. O tutù rinrin, òtútù kò mú ọ.

Ta ló ronú kàn án? Hugh Bradner, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Òun náà ti bá wọn ṣiṣẹ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Los Alamos rí. Láti ìdí bọ́ǹbù dé ìdí aṣọ ìwẹ̀! Kò sì fi òfin dè é pé òun nìkan ló ni ín. Háà, owó ńlá lọ.

Gé rọ́bà náà wò. Ihò wíńníwíńní ló kún inú rẹ̀ bí inú búrẹ́dì, gáàsì sì ló wà níbẹ̀, òun ló ń dí òtútù lọ́nà. Mílímítà 3 péré lè tó ọ. Ṣùgbọ́n gbìyànjú kí o rì: gáàsì yẹn á máa gbé ọ léfòó! Àwọn omùwẹ̀ ń so òjé mọ́ ìdí kí wọ́n tó lè dé ìsàlẹ̀.

Nínú ìdíje ìwẹ̀ inú òkun ti àgbáyé ńkọ́? Bí omi bá tutù ju dígírì 18 lọ, dandan ni aṣọ yìí. Bó bá tutù ju 16 lọ, kálukú a gbalé lọ.

Ìwọ ará Abuja tó fẹ́ lọ wẹ̀ lókun, ilé ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó wà ní Asokoro lo máa ń gbà kọjá yẹn. Ṣé o mọ̀ pé orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ náà ló jẹ́ kìkì erékùṣù? Cabo Verde! Erékùṣù 10. Mẹ́sàn-án ni èèyàn ń gbé, ìkan yòókù dá wà. O lè lò tó ọjọ́ 90 níbẹ̀ láìgba físà. Àmọ́ lóṣù kejì, òkun ibẹ̀ ń lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi dígírì 22. Páìpù ìmí lẹ́nu, ojú lára ẹja, kó o tó mọ̀, ọmọ ayò ti bẹ̀rẹ̀. Mú aṣọ rọ́bà dání, jàre.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ti Harrison Okene. Oṣù karùn-ún, 2013. Kúùkù ọkọ̀ Jascon-4 ni, ọkọ̀ sì dojú dé lórí òkun Nàìjíríà. Èèyàn 12 ló wà níbẹ̀. Òun nìkan ló yè é. Wákàtí 60, ní nǹkan bíi mítà 30 nísàlẹ̀ òkun, nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sígun kan! Ìgò Coca-Cola kan. Pátá nìkan lára.

Ṣé o mọ iṣẹ́ tó wá lọ kọ́? Omùwẹ̀! Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọṣọ.